Báàgì Elésè-Àlùkò àti Agolo Béárì

“Gbé agolo yìí sínú báàgì yẹn ká wò ó,” ni Bàbá Orrin wí láàárín ilé ìtajà kan ní Bishop, ìlú kan lẹ́sẹ̀ òkè, ó sì na agolo dúdú náà sí Bryn, ọmọ ọmọ rẹ̀.

Bryn wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú agolo oníke tó tóbi ju orí màlúù lọ, èyí tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí lórí òkè kí béárì má baà rí i jẹ? Báàgì elésè-àlùkò kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bá bàtà rẹ̀ mu. Ìgbà kẹrin rèé tó ń yí poo níwájú dígí.

“Yóò gbà á, Bàbá. Mo ti fojú wọ̀n ọ́n.”

“Ojú wo? Èyí tó ń wo dígí láti àárọ̀? Dígí kì í báni ru ẹrù o! Báàgì aláwọ̀ eérú yìí ńkọ́? Ikùn rẹ̀ fẹ̀, bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ sì nípọn.”

“Háà, Bàbá! Àpò ọ̀dùnkún nìyẹn.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbà fún un. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni, kò fẹ́ bà á jẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, bí Bàbá ti wọlé lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ aṣọ́gbó, Bryn ki agolo bọ báàgì. Kò wọlé. Ó dá a dùbúlẹ̀, kò gbà. Ó so ó mọ́ orí báàgì, agolo ń gbá a ní ìpàkọ́. Èyí tó wá burú jù, kò ní dára nínú fọ́tò. Ló bá tì í sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, ó sì da oúnjẹ sínú àpò aṣọ lásán.

“Agolo dà?” ni Bàbá bi í nígbà tó jáde. “Mo ti fọwọ́ síwèé pé a gbé e dání o.”

“Ó ti wà nínú báàgì, Bàbá.”

“Ó ga o! Ojú rẹ mọ ìwọ̀n ju tèmi lọ.”

Ìyìn náà gún Bryn bí ẹ̀gún, ṣùgbọ́n ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n pàgọ́ sétí adágún lórí òkè, ó yọ́ lọ so àpò oúnjẹ kọ́ igi.

Ariwo aṣọ tó ń ya ló jí wọn láàárọ̀. Ọmọ béárì kan tó ní àmì funfun láyà jókòó létí adágún, ó ń jẹ búrẹ́dì Bàbá. Wọ́n lu ìkòkò, wọ́n pariwo. Ó kàn ń wò wọ́n bí ẹni tí àlejò bá nídìí oúnjẹ.

“Agolo dà, ọmọ mi?”

“Ó wà nínú ọkọ̀. Kò wọ inú báàgì.”

Bàbá jókòó lórí òkúta. Kò bú u. Ìbá sàn kó bú u.

Ebi ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún aṣọ́gbó: “Èmi ni mo fọwọ́ síwèé. Ẹ̀bi mi ni.”

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin aṣọ́gbó náà pè wọ́n lórí fóònù. “Bàbá, ẹ má bínú o. Béárì tó ní àmì láyà yẹn ti ya àgọ́ mẹ́ta. A lé e títí, kò lọ. Ó ti mọ adùn oúnjẹ èèyàn. A ò rọ́gbọ́n mìíràn dá, a yìnbọn pa á.”

Báàgì elésè-àlùkò ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bryn, kò ní ìbàjẹ́ kankan, ó ṣì lẹ́wà. Aláwọ̀ eérú ló ń gbé báyìí. Kí wọ́n tó gbéra lọ́dọọdún, Bàbá á tú u, á fi ìka lu agolo inú rẹ̀, kó, kó, kó. Ní gbogbo ìgbà tí Bryn bá gbọ́ ọ, omi á lé sójú rẹ̀.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹni tó bá torí ẹwà purọ́, kí ó rántí pé ẹlòmíràn lè fẹ̀mí san án.