Ohun Tí Fọláyan Fi Pamọ́ Nínú Ọgbà Ẹlẹ́dẹ̀

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé yìí lé lọ́wọ́, ṣọ́ra. Má tíì ká a sínú àpò. Àrùn kan ń jà, kì í sì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló ń mú. Ẹni tó ní in lè máa jẹun, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa kí ènìyàn lójú títì. Ó lè jẹ́ ìwọ ni. Èmi ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí nítorí rẹ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fọláyan. Lásìkò tí ìjọba ń pariwo pé kí oníkálukú máa gbin oúnjẹ, kó sì máa sin ẹran, òun náà wá ilẹ̀ sẹ́yìn Festac, ní apá Amúwò, níbi tí omi máa ń dúró sí nígbà òjò. Ó kọ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ síbẹ̀. Àjẹkù láti àwọn ilé oúnjẹ inú Festac ló fi ń bọ́ wọn. Bó bá ti gbé e dé, á dà á fún wọn bẹ́ẹ̀. Kì í sè é.

Iṣẹ́ náà yẹ ẹ́. Ó ní akọ kan tó tóbi, tó sọ ní Ọ̀gá Pátápátá. Gbogbo ẹni tó ní abo ẹlẹ́dẹ̀ ní Amúwò, ọ̀dọ̀ Fọláyan ni wọ́n ti ń yá akọ. Bí abo bá bí, Fọláyan á wá mú ọmọ kan, èyí tó bá sanra jù. Ọgbà rẹ̀ ń kún. Ẹnu rẹ̀ náà ń gbòòrò sí i.

Làtífátù, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Agbójú, kì í jẹ́ kó sún mọ́ ìsọ̀ òun.

“Bọ̀dá Fọláyan, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ju owó yín sínú abọ́, màá ju sàdíìnì sí yín. Ẹran àìmọ́ yẹn ti kó bá ṣòkòtò yín.”

“Ẹlẹ́dẹ̀ mi ń wẹ̀ ju ọkọ ẹ lọ!”

Àwọn tó wà nítòsí á bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, àìmọ́, máa ń ta á lára. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ sí ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀.

Ní ti Ọlọ́run, Kérésìmesì àti Ìkórè ló ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ààlè ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ó so àkísà pupa àti àlòkù bàtà mọ́ ẹnu ọgbà, ẹnìkan sì pọfọ̀ sí i fún un. Àwọn olè rí i, wọ́n sá. Ṣùgbọ́n àrùn kì í ka ààlè sí.

Lọ́jọ́ kan, abo ẹlẹ́dẹ̀ kan kọ oúnjẹ. Ó kó ara jọ sí kọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ẹ̀yin iná. Etí rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú bí ohun tí wọ́n rẹ láró. Ó kú. Fọláyan ní, “Ooru ni.” Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò tíì kú tán tó fi dúńbú rẹ̀, ó kó ẹran náà lọ Agbójú, ó tà á. Ó fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú gọ́tà. Ó sì dákẹ́.

Ó mọ̀ o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò mọ̀. Ohun tó ń rò ni pé: bí mo bá sọ, ta ni yóò tún yá akọ lọ́wọ́ mi?

Opó kan wà ní Amúwò náà, Bernice, ìyá Rosaline. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, àwọn ló sì fi ń rán Rosaline nílé ìwé. Kò ní nǹkan mìíràn. Bernice wá dúró sẹ́yìn ọgbà Fọláyan.

“Ẹ̀gbọ́n, abo mi ń wá akọ o. Ẹ bá mi wò ó.”

Fọláyan tẹ̀ lé e. Bàtà òjò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó fi ń tẹ ẹrẹ̀ inú ọgbà tirẹ̀, náà ló fi wọ inú ọgbà opó náà. Ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn abo. Abo dúró gbagidi, àmì pé ó ti ṣe tán láti gba akọ.

“Ó ti tó. Lọ́la, màá mú Ọ̀gá Pátápátá wá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà làwọn tiyín wà? Mo gbọ́ nǹkan kan ní Agbójú.”

“Ta ló sọ fún ẹ? Ẹran mi le bí irin! Àbí o ò fẹ́ akọ mọ́?”

“Mo fẹ́ o. Ẹ má bínú, sà.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó so okùn mọ́ akọ rẹ̀, ó ń fà á lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹran náà ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Fọláyan rí i. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lórí pákó tí wọ́n fi dá gọ́tà kọjá, ó pàdé Akíntúndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Mazamaza. Akíntúndé náà ti sin ẹlẹ́dẹ̀ rí. Gbogbo wọn ló kú. Inú òfìfo ọgbà yẹn ló ti kúnlẹ̀ tó sì gba Jésù.

“Níbo lò ń mú un lọ?”

“Ṣé ìwọ lọlọ́pàá ẹlẹ́dẹ̀? Kúrò lórí pákó.”

“Jẹ́ kí n wo etí ẹ̀.” Akíntúndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Fọláyan, ohun tó pa tèmi nìyí.”

“Má fi ẹnu ẹ ba tèmi jẹ́!”

“Mo bi àwọn dókítà ẹran nígbà yẹn. Kò lábẹ́rẹ́, kò lóògùn. Kí ẹni tó ni ín lanu sọ̀rọ̀ ló ń dá a dúró. Kó má tà, kó má yá èèyàn, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ kankan wọlé. Kó sun òkú, kó sin ín jìn. Àjẹkù oúnjẹ, kó sè é kó hó dáadáa. Ẹni tó bá dákẹ́, òun ló ń gbé àrùn náà rìn.”

“Tí mo bá sọ, mo ti parí nìyẹn.”

“Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá pàfọ̀ tán, ẹni rere ló ń wá fara rìn. Opó lo fẹ́ fara rìn yìí. Ẹran nìkan kọ́ ló sì ń ṣàìsàn nínú ọgbà ẹ. Láyé àtijọ́, adẹ́tẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ké pé aláìmọ́ lòun, kí ọmọnìkejì lè yà. Irú wọn ni Jésù na ọwọ́ kàn. Ìwọ tí ò ń sá pamọ́, báwo ló ṣe fẹ́ kàn ẹ́?”

Fọláyan fi èjìká tì í, ó kọjá.

Bernice ti ń dúró lẹ́nu ọgbà rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń kùn nínú. Ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú akọ.

“Kí ló ṣe é nímú, Ẹ̀gbọ́n?”

“Igi ló gún un.”

Irọ́ náà yá lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Bernice gbá ọ̀pá ìdábùú ẹnu ọgbà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Fọláyan ń wo ọwọ́ yẹn. Ó fẹ́ sọ pé “dúró,” ahọ́n rẹ̀ kò yí. Ọ̀pá ti jáde dé àárín.

“Aláìmọ́!”

Ohùn ara rẹ̀ gan-an dẹ́rù bà á.

“Bernice, má ṣí i! Aláìmọ́ ni! Àrùn wà lára ẹ̀. Mo mọ̀, mo sì parọ́. Èmi gan-an laláìmọ́!”

Bernice ti ọ̀pá náà padà. Ó wo ojú Fọláyan. Lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó rọra sọ ọ́, “bàtà yìí lẹ wọ̀ wọnú ọgbà mi lánàá.”

Fọláyan kò rántí èyí. Ó ṣubú lulẹ̀ nínú ẹrẹ̀, okùn ẹran ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akíntúndé ti tẹ̀ lé e dé ibẹ̀, ó sì gbọ́ àdúrà rẹ̀. Kò gùn. “Jésù, mi ò lè fọ àìmọ́ yìí. Ìwọ ni kó o wẹ̀ mí.”

Ọlọ́run gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ó padà sílé, ó pa àwọn tó kù, ó sun wọ́n, ó sì sin wọ́n jìn. Ó já ààlè, ó sọ ọ́ sínú iná. Ó kan pákó mọ́ ẹnu ọgbà: ÀRÙN WÀ NÍBÍ, MÁ WỌLÉ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ọgbà dé ọgbà, ó ń dúró lókèèrè lójú ọ̀nà, ó ń pariwo, “Ẹ tilẹ̀kùn yín! Ẹ má jẹ́ kí n sún mọ́ yín!” Ó lọ Agbójú, ó sọ nípa ẹran tó tà. Làtífátù gbọ́ ọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó tilẹ̀kùn, ẹran wọn yè.

Ti Bernice kò yè. Etí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tán. Rosaline kúrò nílé ìwé. Fọláyan ń ṣe lébìrà báyìí. Ó ní òun ni yóò dá ọmọ náà padà sílé ìwé.

Ìwọ ńkọ́? Kí lo dúńbú tó o tà kó tó kú? Bàtà wo lo fi ń wọ ilé onílé? Ò ń kí wa, ò ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ti wà lórí ọ̀pá. Ké jáde lónìí. Má sọ pé ó di ọ̀la. Bí Fọláyan bá ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹran opó yẹn ì bá wà láàyè. Jésù kò ní sá fún ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Ọlọ́run dárí ji Fọláyan lójú ẹsẹ̀, ìyẹn dá mi lójú.

Ti ènìyàn ni mi ò mọ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ Bernice kí n tó kọ èyí. Ó ń gbálẹ̀. Mo ní, “Màmá Rosaline, ṣé ẹ ti dárí jì í?”

Ó dá ìgbálẹ̀ dúró. “Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un, ẹ kọ ọ́. Tèmi, ẹ má bi mí.”

Mo tún bi í. Ó ń gbálẹ̀ lọ.