Oṣù Kan Láìdúró

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Costin kọ́kọ́ rí. Ẹ̀rọ agbéniròkè ilé náà ti há sáàárín àjà karùn-ún àti ìkẹfà. Nígbà tí ó fi irin ya ilẹ̀kùn, bàtà pupa méjì ló dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí ẹyẹlé méjì lórí òrùlé. Ó gbójú sókè. Ọmọbìnrin kan jókòó lórí àpótí ápù, ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bó ọ̀kan lọ́wọ́, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ó wí. "Mo ti jẹ mẹ́ta. Bí ẹ bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, màmá mi ò ní rí ápù fi ṣe kéèkì mọ́."

Ó gé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó na ìlàjì sí Costin láti inú àlàfo náà. Ọdún mẹ́jọ ni Costin Bejan ti ń tún agbéniròkè ṣe nílùú Galați, kò sì sí ẹni tó há tó fún un ní nǹkan kan rí ju èébú lọ. Ó gba ápù náà, ó gé e jẹ, ó sì dúró síbẹ̀ tí ó ń jẹun.

"Ṣé ápù ni wọ́n ní kí ẹ wá tún ṣe ni?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

Ilinca ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ létí odò Danube. Òun àti ìyá rẹ̀, opó kan tí gbogbo ilé ń pè ní Tanti Olimpia, ìyẹn Àǹtí Olimpia, ni wọ́n jọ ń gbé àjà kẹsàn-án. Orúnkún ìyá náà ti daṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tí agbéniròkè kò bá ti ṣiṣẹ́, inú ilé di túbú fún un.

Agbéniròkè yẹn kò sì fẹ́ràn iṣẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án títí di Kérésìmesì, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló dúró, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Costin wá. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ kò bàjẹ́ sí i. Bí ó bá ti tún un ṣe tán, Ilinca á gbé kọfí wá bá a lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á jókòó, ọ̀rọ̀ á sì máa fa ọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ilinca ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lókè orí àwọn láti àárọ̀ dalẹ́. Costin mú un gòkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ lórí òrùlé. Lára ògiri, àwọn súìṣì kéékèèké bí ọgbọ̀n tò lórí pátákó dúdú kan. Bí ẹnìkan ṣe tẹ bọ́tìnnì nísàlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ń tẹ̀ wọ́n?" ni Ilinca bèèrè.

"Iná ni. Súìṣì tí ọwọ́ ènìyàn kì í kàn ni. Rílè là ń pè é." Ó mú ọ̀kan jáde nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Iná tó wà nídìí bọ́tìnnì kéré, kò lè gbé ológbò pàápàá gòkè. Ṣùgbọ́n bó bá gba inú wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin yìí kọjá, irin á di òòfà. Á fa ahọ́n yìí mọ́ra, ẹnu méjèèjì yìí á pàdé, iná ńlá tó ń yí mọ́tò á wá rí ọ̀nà gbà. Iná kékeré ń pàṣẹ, iná ńlá ń ṣiṣẹ́."

"Bíi màmá mi àtèmi," ni Ilinca wí.

Costin sọ fún un pé irú rẹ̀ ló ń jí fíríìjì, òun ló wà nídìí fèrè mọ́tò, òun ló ń pín iná pupa àti iná àwọ̀ ewé fún àwọn ọkọ̀ ní oríta. Ó wá fi èyí tó fẹ́ràn jù hàn án. Ilẹ̀kùn àjà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu súìṣì tirẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló sì gba inú gbogbo wọn kọjá. Bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kò bá tì dáadáa, wáyà já nìyẹn, ahọ́n rílè á já bọ́ fúnra rẹ̀, agbéniròkè á sì dúró lójú kan.

"Kò sí ẹni tó ń tì í lulẹ̀," ni Costin wí. "Wọ́n ṣe é kó jẹ́ pé bó bá máa bàjẹ́, ìdúró ni yóò bàjẹ́ sí."

Ilinca gbé rílè náà padà lé e lọ́wọ́. "O fẹ́ràn àwọn nǹkan yìí gan-an ni," ni ó wí. Títí di ìgbà yẹn, "ẹ" ni ó fi ń bá a sọ̀rọ̀. Costin gbọ́ "o" náà, etí rẹ̀ méjèèjì gbóná. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn.

Ní Kérésìmesì, Costin wọ kóòtù tó mọ́, ó lọ kí Tanti Olimpia. Ìyá náà fún un ní ẹran àti ìrẹsì tí wọ́n fi ewé kábéèjì dì, ó tún bù fún un, ó jẹ́ kó jẹ àjẹyó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó nu orí tábìlì, tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ Bejan, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Ibì kan náà ló ń bàjẹ́, ọwọ́ kan náà ló ń tún un ṣe. Àwọn ará ilé yìí ti ń sọ pé ìwọ lò ń bà á jẹ́ kí o lè rí ọmọ mi."

Costin fẹ́ dáhùn. Ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Mi ò sọ pé mo gbà wọ́n gbọ́. Bóo bá mọṣẹ́, jẹ́ kó rìn fún oṣù kan gbáko láìdúró, kóo tó tún jókòó sí tábìlì yìí. Ẹni tí kò lè tọ́jú àpótí tó ń gòkè tó ń sọ̀, kí ni n ó wí tí n ó fi fa Ilinca lé e lọ́wọ́?" Ó wá fi kún un, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pé dókítà eléyín tó wà ní àjà kìíní ń kí òun láràárọ̀, kò sì sí ohun tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀.

Oṣù kan. Costin pààrọ̀ gbogbo rílè tó ti jóná lẹ́nu, ó fọ gbogbo ẹnu súìṣì láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọjọ́ márùn-únlélógún kọjá, agbéniròkè ń lọ, ó ń bọ̀. Ilinca ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sára kàlẹ́ńdà.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó dúró.

Costin fẹsẹ̀ gun òkè. Bí ó ti kù díẹ̀ kó dé àjà kẹsàn-án, ó rí sálúbàtà onípátákó kan tí wọ́n ki bọ àárín ilẹ̀kùn agbéniròkè. Ilẹ̀kùn ilé Tanti Olimpia ṣí sílẹ̀. Ìyá náà ń wé gèlè rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó padà lọ wo gáàsì, ó padà lọ mú áńkáṣíìfù, ó tún padà lọ wo gáàsì. Agbéniròkè ń dúró dè é bíi takisí. Ilẹ̀kùn wíwúwo náà sì ń fún mọ́ igi sálúbàtà yẹn, ẹnu súìṣì ń wọ́.

Ká ní ó kàn húkọ́ báyìí, ìyá ì bá mọ̀ pé ó ti rí òun, ọ̀ràn ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí Ilinca sọ fún un, pé nígbà òtútù ọdún kan, agbéniròkè há, ìyá rẹ̀ jókòó lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kó tó di pé àwọn àjèjì gbé e gòkè. Láti ọjọ́ náà, kì í fẹ́ kí agbéniròkè fi òun sílẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Pavel, alábòójútó ilé, máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kí tọmọdé tàgbà lè kà á.

Costin rọra padà sí àjà kẹjọ. Ó dúró títí ìyá fi mú sálúbàtà rẹ̀ kúrò. Ó tún ẹnu súìṣì náà tò, ó sì sọ fún Pavel pé irin ló ti gbó.

Ohun kan náà ló sọ fún Ilinca. Ilinca mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò sọ.

"Oṣù kan péré, Costin. Ṣé mi ò tó oṣù kan ni?"

Costin gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ilinca fi ń fẹsẹ̀ gun àjà mẹ́sàn-án kó má baà pàdé rẹ̀ nídìí agbéniròkè.

Sátidé ìrántí òkú wá dé, èyí tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀. Ó pé ọdún méje tí bàbá Ilinca ti kú, àlùfáà yóò sì dárúkọ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Tanti Olimpia ti se kolifa, àlìkámà aládùn tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún òkú ẹni, ó fi ṣúgà funfun bò ó, ó fi ẹ̀pà ya àgbélébùú sí i lórí. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, agbéniròkè dúró.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu súìṣì àjà kẹsàn-án ti kán pátápátá. Nígbà tí Costin fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù kí aago mẹ́sàn-án lù, àyè àtúnṣe kò sí, Pavel sì ti dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́. Ó ní kí Costin fi so ẹnu méjèèjì pọ̀, ilẹ̀kùn ìbáà tì, ìbáà má tì, kí ìyá arúgbó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tún ìyókù ṣe tó bá yá. Dókítà eléyín náà yọjú, ó ní wọ́n lè fi abọ́ náà rán ẹlòmíràn.

Costin ní òun kò ní so ó. Bí wáyà bá ti fo ilẹ̀kùn kan dá, agbéniròkè lè lọ kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí, ẹlòmíràn á sì gbẹ́sẹ̀ sínú òfìfo. Pavel ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ Ajé, àwọn yóò wá ẹni tó lè so ó. Costin gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gba àtẹ̀gùn.

Ilinca wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ kolifa dání. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àga, aṣọ dúdú lọ́rùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Costin yí ẹ̀yìn sí i, ó lóṣòó.

"Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Mo wúwo."

"Mọ́tò yẹn náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ilinca rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú. Ó ṣáájú, àwọn méjèèjì tẹ̀lé e. Àjà kẹjọ kọjá, ìkeje kọjá. Ní ìkẹfà, Tanti Olimpia sọ̀rọ̀ sí i létí, jẹ́jẹ́.

"O ti mọ̀ pé èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kìíní, mà."

"Kí ló dé tóo ò fi mí sùn? Ọmọ mi lò ń wá."

Costin gbé e sókè díẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà yín, Màmá. Mi ò lè mú ẹ̀rù yín lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn."

Costin rí i pé ọwọ́ tí ìyá náà fi dì mọ́ ọrùn òun ti yí padà. Ó ti ń dì í bí ẹni ń di ọmọ ẹni mú.

Nísàlẹ̀, àwọn ará ilé dúró pitimu. Tanti Olimpia kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi pe alábòójútó.

"Pavel, lọ mú bébà rẹ. Sálúbàtà mi ni mo máa ń fi há ilẹ̀kùn, láti nǹkan bí ọdún méjì. Ọmọ yìí mọ̀, ó pa á mọ́ra. Kọ orúkọ mi gàdàgbà, nítorí ojú mi ò ríran dáadáa. Bóo bá sì lé e lọ, wàá máa wá gbé mi láràárọ̀."

Ilinca dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Ó wo Costin, omi lé sí i lójú.

Àlùfáà dárúkọ bàbá rẹ̀ lásìkò. Nígbà tí wọ́n padà délé, Costin ní kí wọ́n fún òun ní ogún ìṣẹ́jú, òun á fi ẹnu súìṣì tuntun sí i. Tanti Olimpia ní kò sí ìkánjú kankan. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ọ̀rọ̀ náà sì gùn tó àjà mẹ́sàn-án.

Ó sọ ọ́ lẹ́yìn Costin bí wọ́n ti ń gòkè. Ó ní ọkọ òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ààwẹ̀ ti dé tán, kò sí ìgbéyàwó nínú ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde máa ń dára, ojú ọjọ́ á ti gbóná. Ní àjà keje, ó lu Costin léjìká.

"Dúró níbí. Bi í."

Òógùn ti bo Costin lójú, èémí rẹ̀ ń já. Ilinca wà ní àtẹ̀gùn méjì lókè wọn pẹ̀lú abọ́ òfìfo, ó yíjú padà.

"Ilinca," ni Costin wí, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti gbà láti ọjọ́ ápù," ni Ilinca wí. "Ìwọ ni o ò bi mí." Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu òógùn ojú rẹ̀, ó rọra, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti parí," ni Tanti Olimpia wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹsẹ̀ mi ti kú."