Má Dáhùn Àfi Tó O Bá Rójú Mi

Télọ̀ tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, o ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo dáhùn, o ò sì wọlé." Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ti ń lálàá ọmọge lọ́sàn-án." Ó rẹ́rìn-ín. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń mọ́.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan tó ti pẹ́ ni àwọn dókítà tún pò, kó má baà máa pa ẹ̀jẹ̀ rere mọ́ búburú. Wọ́ọ̀dù wa la ti ń dán an wò. Àṣìṣe kékeré lè pààyàn, nítorí náà òfin wa le: nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe aláìsàn lórúkọ, aláìsàn á fẹnu ara rẹ̀ dáhùn, ká tó gbé oògùn wọlé.

Lẹ́yìn télọ̀, olùkọ́ obìnrin kan sọ ohun kan náà. Òun náà kú kílẹ̀ tó ṣú. Dókítà àgbà ní oògùn ló ń mú kí etí wọn máa hó. Etí wo ló ń fi ohùn tèmi hó?

Àbúrò mi sì wà ní yàrá kẹta, òun náà ń gba oògùn yìí. Òun nìkan ni ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀. "Má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àfi tó o bá rójú mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń dẹ́rù bà mí."

"Jẹ́ kẹ́rù bà ọ́. Ṣáà panu mọ́."

Lónìí, oògùn rẹ̀ tún kàn. Èmi àti nọ́ọ̀sì ẹnìkejì mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì yanu tí mo fi gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń pe àbúrò mi. Ó pè é, ó tún un pè. Àbúrò mi ò fọhùn. Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ọmọ ìyá mi, o káre!

Ibẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Ìgbà náà ni ohùn mìíràn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ohùn tí mo mọ̀ láti kékeré. Ó fi oríkì mi pè mí, bí ẹni pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Ta ni ìyá rẹ̀ á pè tí kò ní jẹ́? Kí n tó ronú, ẹnu mi ti ṣí.

"Mà!"

Ẹnìkejì mi wò mí. "Ta lò ń dá lóhùn?"

Nínú yàrá, àbúrò mi figbe ta.

Oògùn ti ń kán sí i lára báyìí. Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàárọ̀ mọ́ tónítóní, yóò yè. Ó di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí n dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ."

Mo ní níbo ni mo fẹ́ lọ? Mo ń rẹ́rìn-ín fún un. Òòrùn ti ń wọ̀.