Ẹ Tẹ Orúkọ Mi, Bàbá Géètì

"Ó ti parí! Ẹ bá mi yọ̀ o!"

Ọmọ Kọ̀ǹpútà na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní ilé ìwòsàn tó wà nìyẹn, torí látìgbà tó ti jáde ilé-ìwé girama ló ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ ìṣàwárí tuntun: òṣìṣẹ́ kàn máa tẹ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo fáìlì tó bá jẹ mọ́ ọn yóò sì jáde. Àmọ́ gbogbo ojú kọ́ ló yẹ kó rí gbogbo nǹkan. Òun ni ọ̀gá ní kó ṣètò ohun tí dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹ̀ṣọ́ lè rí. Bí wọ́n bá ṣí i lọ́la láìsí wàhálà, wọ́n máa gbà á síṣẹ́.

"Dìde ká máa lọ jàre, ebi ń pa mí," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìforúkọsílẹ̀ wí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ọ̀gá ní kí n fi orúkọ ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kéré jù dán an wò."

"Ṣebí o ti dán an wò?"

"Orúkọ tèmi ni mo fi wọlé. Èmi sì ń rí gbogbo nǹkan."

"Ta ló máa mọ̀? Àṣejù tìẹ náà ti pọ̀!"

Ọmọ Kọ̀ǹpútà gbé báàgì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọkàn rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó lọ pe Bàbá Géètì, ẹ̀ṣọ́ tó ti dàgbà, ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kéré jù lórí ẹ̀rọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ fi orúkọ yín wọlé, kí ẹ tẹ ohunkóhun tó bá wù yín."

"Ẹ tẹ orúkọ mi!" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ká mọ̀ bóyá mo lókìkí."

Bàbá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Fáìlì kan jáde: orúkọ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, àti àìsàn tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Yéè! Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ti yíjú sí fèrèsé. "Gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ," ó ní.

Nígbà tí Ọmọ Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, ó ti ṣí àpò fáìlì àwọn aláìsàn fún gbogbo òṣìṣẹ́, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ó gbàgbé láti tì í padà. Lójú ẹsẹ̀, ó tì í. Bàbá tún orúkọ náà tẹ̀, kò sóhun tó jáde mọ́. Ọmọ Kọ̀ǹpútà lè panu mọ́ báyìí, àmọ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló gbà lọ.

"Mo ti tún un ṣe, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí i lọ́la. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìyókù wò."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Àwọn àgbà ilé ìwòsàn máa bínú, ó sì mọ̀ ọ́n. "Ohun tá a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́, ọmọ mi. Irú ẹ ni mò ń wá síṣẹ́."

Bí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣe ń lọ sílé, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Ká ní o gbọ́ tèmi ni, ọ̀la ni gbogbo ayé ì bá gbọ́ nípa mi. O ṣé, o ṣé gan-an. Dúró, jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi àṣírí èèyàn síkàáwọ́ yín, ẹ má kánjú sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó ń kán yín lójú pé kí ẹ máa bọ̀ gan-an lè jẹ́ ẹni tí ẹ ń dáàbò bò.