Ìjókòó Ọwọ́ Ọ̀tún

Ohun tí mo kọ síhìn-ín ṣẹlẹ̀. Muaz makáníìkì ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Irin mẹ́ta tí ó tú kúrò lára ọkọ̀ inú ìtàn yìí ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú agolo mílíìkì kan. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ wò wọ́n.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ Oyèyẹmí. Lọ́jọ́ tó rà á, Muaz fi bọ́tìnnì pupa kan hàn án lábẹ́ rédíò, èyí tí wọ́n máa ń yí.

“Bàbá Ìbùkún, hítà nìyí. Òyìnbó ló ń fi í yáná lọ́hùn-ún. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe níbí? Ẹ gbàgbé ẹ̀.”

Oyèyẹmí kò gbàgbé. Ó kàn fi ti ara rẹ̀ kún un. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá tan nǹkan náà pẹ́nrẹ́n, ẹ́ńjìnnì á jóná.

Nínú ọyẹ́ oṣù kìíní èṣí, ibà dá Mọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ nílé ìyá rẹ̀ ní Ìjàrà-Ìsin. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ìyá fi aṣọ òfì wé e, tí wọ́n gbé e sí ìjókòó iwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún. Oyèyẹmí kọjú ọkọ̀ sí Òmù-Àrán, níbi tí dókítà wà. Àwọn méjèèjì nìkan ló lọ. Mọ́láyọ̀ dákẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìyá rẹ̀ kò bi ọkọ ọmọ rẹ̀ ní ohun púpọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni.

“Oyèyẹmí, kí ni ọmọ mi sọ gbẹ̀yìn?”

“Kò sọ nǹkan kan, Màámi. Ó sùn ni.”

Irọ́ ni. Gbogbo ìgbà tó bá sì lọ kí i ni ìyá ń bi í. Gbogbo ìgbà náà ló ń pa irọ́ kan náà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń bọ̀ láti Àrán-Ọ̀rin nígbà tó gbọ́ ohùn kan nínú ọkọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí. Ó na ọwọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń jáde. Kò fẹ́ sí òun. Ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún ló ń fẹ́ sí. Ó wo bọ́tìnnì pupa. Ó wà ní pípa.

Muaz ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Fáàfù hítà ni. Òun ni ilẹ̀kùn tó ń dá omi gbígbóná dúró kó má wọlé. Tiyín ò tì mọ́.”

Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sọ ti àtijọ́ nù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ooru tún dé.

Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tuntun ni wọ́n rà á wá láti Ìlọrin, tòun ti páálí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò.

Muaz to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ǹṣì. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Fáàfù a máa dípẹtà. A máa jò. Èyí kì í ṣe ìyẹn. Wàlláhì, ẹnìkan ló fi agbára yí wọn. Ibi àtiṣí ni wọ́n yí gbogbo wọn sí.” Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ìbùkún, àbí ẹ ti ń gbé ìyàwó tuntun tí ò lè gba òtútù?”

Ó rí ojú Oyèyẹmí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà.”

“Muaz, bí èèyàn bá tan hítà náà, ṣé ẹ́ńjìnnì ò ní bàjẹ́?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń fà jáde. Ìtura ló máa jẹ́ fún un.”

Oyèyẹmí jókòó sórí táyà kan. Ó pẹ́ kó tó dìde.

Muaz kò fi fáàfù kankan síbẹ̀ mọ́. Ó fa hóòsì méjèèjì yọ lára hítà, ó so wọ́n pọ̀ mọ́ra, omi kò sì rí ọ̀nà wọlé mọ́. “Ó tán,” ó ní. “Bọ́tìnnì yẹn, ohun ìṣeré ọmọdé ni báyìí.”

Ọyẹ́ tún dé. Ọdún kan pé. Oyèyẹmí lọ gbé ìyá wá síbi àdúrà ìrántí, ó sì sùn sí Ìjàrà-Ìsin. Ìta gbangba ni ọkọ̀ wà mọ́jú. Láàárọ̀, irin rẹ̀ tutù débi pé ó ń ta ni lọ́wọ́. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìjókòó. Ó yára gbé e kúrò. Ó rọra ti ilẹ̀kùn náà, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

“Màámi, iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó.”

“Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Ó gbóná.”

Wọ́n rìn díẹ̀. Kùrukùru ọyẹ́ bo igbó. Ẹyẹ kankan kò ké.

“Oyèyẹmí. Kí ni ọmọ mi sọ gbẹ̀yìn?”

Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò lè bojú wẹ̀yìn.

“Ó ní òtútù ń mú òun. Ó ní kí n tan hítà. Mo ní ó máa ba ọkọ̀ jẹ́.”

“Ìgbà mélòó ló sọ ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

Ìyá kò sunkún.

“Tàn án.”

“Wọ́n ti tú u, Màámi. Kò sí—”

“Mo ní tàn án.”

Ó yí bọ́tìnnì pupa. Ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní pípa. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Ooru dé.

Ìyá tú òfì èjìká rẹ̀, ó nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó iwájú. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìjàrà-Ìsin. Kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ títí dòní, kò sì bi Oyèyẹmí ní nǹkan kan mọ́.

Muaz ní ọkọ̀ ti yè, pé fáàfù kò bàjẹ́ mọ́. Òótọ́ ni. Kò sí fáàfù níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kì í jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún. Òfì ló wà níbẹ̀. Lálẹ́, Oyèyẹmí á ká a dáadáa, á ti ilẹ̀kùn pa. Láàárọ̀, á bá a ní wíwé, bí ìgbà tí a fi wé ènìyàn.