Ọkọ Inú Káàdì

Orí ìlà ní ọ́fíìsì adójútòfò ìlera kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí Ọlábọ̀dé, ìjà la sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó gba iwájú mi kọjá, mo fa ẹ̀wù ẹ̀ padà sẹ́yìn. Ó bẹ̀ mí títí tó fi sìn mí dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀ padà sí Oǹdó, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà.

Ìfẹ́ wọ̀ wá lára. Oyèbọ́lá lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ló ń pè mí. Lẹ́yìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a gba káàdì ìlera kan ṣoṣo, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ mi ni.

Àfi bí àyẹ̀wò ṣe fi hàn pé kókó wà nínú ilé ọmọ mi. Ìyá ẹ̀ ní òun ò fẹ́ ìyàwó tí ò ní bímọ. Ọlábọ̀dé ńkọ́? Ó dákẹ́ bí ẹni fomi sẹ́nu. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ lọ. Mo gba ilé bàbá mi lọ. A ò sanwó káàdì mọ́, káàdì kú.

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ò gbọdọ̀ kọjá oṣù yẹn. Mo gba Àkúrẹ́ lọ kí wọ́n sọ káàdì náà jí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lẹ́ẹ̀kejì, fọ́tò mi ò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ gbà mí, ìrìn yẹn ì bá pa mí kí kókó tó pa mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí ọkọ mi tó wà nínú káàdì wá fọwọ́ sí i. Ọkọ wo? Bí wọ́n bá yọ orúkọ ẹ̀, káàdì tuntun nìyẹn, mo sì máa dúró fún oṣù mẹ́fà kó tó lè sanwó iṣẹ́ abẹ. Mo fi ìbínú pè é lórí fóònù.

Kò pé wákàtí kan tó fi dé. Akọ̀wé bi í bóyá ọkọ mi ṣì ni. Ó yíjú sí mi.

"Àdùkẹ́, kí ni kí n wí?"

"Èmi kọ́ ni wọ́n bi." Ó ti sú mi pátápátá.

Ó gbé fóònù, ó pe ìyá ẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Màámi, mo fẹ́ fọwọ́ sí i pé ọkọ Oyèbọ́lá ni mí. Ẹ má bínú. Bó bímọ, bí ò bímọ, òun náà ni."

Ó fọwọ́ sí i. Káàdì jí lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta iṣẹ́ abẹ, mo lajú, mo bá ìyá ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìyàwó òun ni mí. Ó fi ṣíbí bu ògì, ó nà án sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́."

Inú ṣì ń bí mi sí i gan-an. Ṣùgbọ́n mo lanu.