Oyin Ìrèké Nínú Táǹkì

Keeley di táǹkì alùpùpù àtijọ́ kan mú gírígírí, bàbá rẹ̀ sì ń rọra da oyin ìrèké tí wọ́n ti pò mọ́ omi sínú rẹ̀. Oyin tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù ni, ó dúdú bí ọ̀dà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé páànù tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Nígbà tí táǹkì kún, Gavan Hesketh, bàbá rẹ̀, nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Oyin yìí máa jẹ gbogbo ìpẹtà inú ẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan irin," ó wí. "Àmọ́ kì í kánjú o, ọ̀rẹ́ mi. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Ṣé kò ní pẹ́ jù báyẹn, Dádì?"

"Ibo là ń lọ?"

Keeley bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀fẹ̀ kẹ́yìn ni.

Gbogbo wa ní ìlú Mullabirra la mọ ohun tó ṣe Gavan. Ọ̀dá tó dá ní ọdún yẹn kò fi koríko sílẹ̀, kò fi omi sílẹ̀. Nígbà tí àwọn àgùntàn rẹ̀ kò lè dìde mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìbọn, ló pa wọ́n, ló sì fi katakata wa ilẹ̀ sin wọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti dùbúlẹ̀, tó kọjú sí ògiri. Kò bá ìyàwó sọ̀rọ̀, kò bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwa aládùúgbò a wá, a mu tíì, a sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀, a sì padà sílé. Kí la fẹ́ sọ? Ọ̀dá kò dá ilé kankan sí.

Leanne, ìyàwó rẹ̀, ló ra alùpùpù náà níbi gbàǹjo tí wọ́n ti ń ta ẹrù oko bàbá àgbà kan tó kú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló ti ń wò ó, torí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí Leanne ṣe nawọ́ sókè báyìí, kálukú ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wo ojú ọ̀run, kí owó rẹ̀ má bàa lọ sókè. Bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn fún ẹni tí wàhálà bá. Alùpùpù ọ̀hún kò lè rìn, ó ti dípẹtà, adìyẹ ti yé sórí ìjókòó rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó délé, Gavan dìde, ó bọ́jú, ó wọ bàtà, ó lọ wò ó.

Láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ tí kì í lọ síbẹ̀. Ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n sínú àwo pẹrẹsẹ kan lábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Leanne sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí alùpùpù náà kò bá rìn títí ayé, kò kan òun.

Keeley gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò yé e. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí bàbá òun bá gun alùpùpù náà yí pápá ká níbi ayẹyẹ oko ìlú wa, tí gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un, ọjọ́ náà ni yóò padà di ẹni tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ayẹyẹ náà sì ti ń sún mọ́lé. Ní àràárọ̀ Gavan máa ń ṣí ìdérí táǹkì, á tan iná wo inú rẹ̀, á ní ó kù díẹ̀, á sì dé e padà tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn ni ara Keeley ń bù máṣọ.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Brodie, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

"Keeley, ṣé alùpùpù yín ṣì ń mu oyin? Ẹ kúkú bá a wá búrẹ́dì sí i."

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Keeley ní yóò rìn lọ́jọ́ ayẹyẹ, bàbá òun ló sì máa gùn ún.

"Bàbá ẹ wo? Èyí tí ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Nígbà tí Brodie rí omi lójú Keeley, ojú tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe tún un ṣe. Ó ní ásíìdì tí àwọn fi ń tọ́jú adágún ìwẹ̀ wà nílé, pé kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi bó ìpẹtà náà kúrò, pé Gavan yóò rò pé oyin ló ṣe é. Ọmọ burúkú kọ́ ni. Ohun tí kò mọ̀ dájú ló ń sọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí ilé ìwé wà ní ìsinmi, Gavan gbà láti bá Leanne lọ rí dókítà ní ìlú kejì. Láti ìgbà tí àgùntàn ti tán, kò tíì jáde kọjá géètì rí. Bó ṣe ń wọ ọkọ̀, ó ní kí Keeley bá òun ṣọ́ táǹkì.

Keeley ṣí ìdérí wò. Ìdajì inú rẹ̀ ti ń dán. Ó dúró pẹ́, ó ń rò ó. Brodie, tó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, gbé kéègì ásíìdì kalẹ̀, ó ní bó bá wu Keeley kí wọ́n máa fi ilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́, òun yóò gbé nǹkan òun lọ. Ìgbà náà ni Keeley da oyin nù sí ìta, tó gbé táǹkì padà sórí tábìlì, tí wọ́n sì da ásíìdì sí i.

Ó hó yàà. Èéfín rẹ̀ gbá wọn lọ́fun, wọ́n sá jáde, wọ́n ń wúkọ́. Brodie ní ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi sílẹ̀, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Keeley kò lè padà wọlé títí èéfín fi lọ sílẹ̀. Nígbà tó wọlé, táǹkì ti di ajẹ̀rẹ̀. Irin tó ti gbó ni, ásíìdì kò sì mọ ibi tí ìpẹtà parí sí. Ó ti la abẹ́ táǹkì já, ó la pákó tábìlì já, ó ń kán tótó sínú àwo tí ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì wà. Keeley ń bu omi sí i, ó ń sunkún, ó tún ń bu omi, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá rẹ̀ ti ń fọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ásíìdì ti jẹ ẹ́ bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, Gavan fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó mú rọ́bà tuntun tó rà fún ìdérí táǹkì dání. Leanne ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tó sọ. Òórùn pàdé Gavan lẹ́nu ọ̀nà ilé páànù, ó wọlé, ó wo tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ kó tètè parí ni, kí ẹ lè gùn ún lọ́jọ́ ayẹyẹ."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ gùn ún?"

Kò pariwo. Ó fi rọ́bà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ inú ilé lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé páànù wà ní títì.

Nígbà tí a gbọ́, a kò jókòó. A wá táǹkì mìíràn rí, ẹnì kan gbé ẹ́ńjìnnì wá láti oko rẹ̀. Leanne kan ilẹ̀kùn yàrá, ó sọ fún un. Gavan ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, kò sì yí ojú kúrò lára ògiri. Ayẹyẹ kọjá. Nígbà tó tún fi oúnjẹ sílẹ̀ pátápátá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀.

Keeley bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun tún alùpùpù náà ṣe fúnra òun. Ó ní bó bá rìn, bóyá bàbá òun á padà wálé.

"Ìrìn ẹ̀ kọ́, ọmọ mi," Leanne dáhùn. "Táǹkì, èèyàn á rí òmíràn. Ohun tó ń mú bàbá ẹ dìde láàárọ̀ lo dà nù."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun Keeley jù. Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá wó lulẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń dìde, a kì í tì í nítorí ẹnu àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá a jókòó, ẹ bá a ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́.

Keeley ti mọ̀ báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn náà, ó ń jókòó ti ibùsùn bàbá rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ alùpùpù. Gavan kò tíì yíjú sí i.